Ọjọ́ Tí Dókítà Igi Wọ Bàálù

Irọ́ ni mo gbé lọ bá a lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, irọ́ àti gìtá kan tí àyà rẹ̀ ti jìn wọnú. Àbúrò mi ló ni gìtá náà. Mo gun àtẹ̀gùn tóóró kan lọ sí yàrá tó wà lókè ilé ìfọṣọ, níbi tí òórùn ọṣẹ àti ti gọ́ọ̀mù igi ti ń bá ara wọn du àyè, mo sì tẹ́ aláìsàn náà sórí tábìlì. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ kò wo ojú mi. Ó wo gìtá, ó fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní:

“Ta ló jókòó lé e?”

“Ó ṣubú ni, sà.”

“Ẹn-ẹ́n. Ó ṣubú sábẹ́ ìdí ta?”

Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún un ṣe, kò sì sọ fún àbúrò mi. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọkùnrin kan ti mọ irú àṣírí bẹ́ẹ̀ nípa mi, mo rí i pé ó sàn kí n mú un lọ́rẹ̀ẹ́.

Dókítà Igi ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún àwọn ohun èlò orin olókùn ṣe: gìtá, fáyólìn, àti ṣẹ́lò, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n fáyólìn, tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ẹni tó ń lò ó máa ń gbé sáàárín orúnkún méjèèjì kó tó fi ọ̀pá onírun fà á. A kì í sáré nínú yàrá rẹ̀, a kì í sì í gbé nǹkan kúrò níbi tó wà. Ó ti fi pẹ́ńsù ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri, tó fi jẹ́ pé bí ayùn bá kúrò lórí ìṣó rẹ̀, òjìji rẹ̀ á máa dúró dè é. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Àwọn irinṣẹ́ tó ń lò jù kì í sí lára ògiri. Inú àpò jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, jákẹ́ẹ̀tì náà kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn méjèèjì, nǹkan kan ń gún òun níhà nígbà tó gbá òun mọ́ra, òun sì rò pé ìfẹ́ ni. Ọ̀bẹ ni.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni ìmọ̀ràn. Kò sí olórin kan nílùú wa tó fẹ́ gbé ohun èlò rẹ̀ wọ bàálù tí kò ní kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn. Ó ti kọ òfin mọ́kànlá sórí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ di ọrùn fáyólìn, ohun tí wọ́n máa sọ fún òṣìṣẹ́ orí káńtà, ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Òfin kẹrin ló fi báírò pupa fà lábẹ́: Dín okùn kù díẹ̀, má tú u tán láéláé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gba àwọn arìnrìn-àjò nímọ̀ràn báyìí. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ bàálù rí. Bí àpọ́n ṣe máa ń mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni òun náà mọ bàálù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé òfin kẹrin yẹn. Nínú ṣẹ́lò, ọ̀pá kékeré kan wà, kò nípọn ju ìka lọ, tó dúró láàárín àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Okùn tó le dan-in, tó ń tẹ àyà ṣẹ́lò mọ́lẹ̀, nìkan ló ń mú un dúró. Bí okùn bá tú tán, ọ̀pá náà lè ṣubú, ohùn ṣẹ́lò a sì dà bí ohùn ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Láti gbé e dìde, ènìyàn máa ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ́ bọ inú ihò ojú ṣẹ́lò, á sì máa fi dígí kékeré wo ohun tó ń ṣe nínú òkùnkùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀. Dókítà Igi máa ń ṣe é tán kí tíì rẹ̀ tó tutù.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé nǹkan kúrò ní àyè rẹ̀ nínú yàrá náà kí ó má gbọ́ ariwo: ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń fa ṣẹ́lò níbẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá kan ní ìlú tó jìnnà pè é wá ṣe ìdánwò. Àyè ṣẹ́lò mẹ́rin péré ni wọ́n ní, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti ju ọdún méjìdínlógún lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, kò sí èkejì: bí Abẹ́rẹ́ kò bá wọlé lọ́dún yẹn, kò ní wọlé mọ́.

Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé gbogbo òfin mọ́kànlá. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ni kò kà á. Wọ́n ní ṣẹ́lò rẹ̀ ti tóbi jù fún inú bàálù, wọ́n gbé e sí ibi ẹrù, wọ́n sì lẹ bébà pupa kan tí wọ́n kọ ẸLẸGẸ́ sí mọ́ ọn lára, kí àwọn tó máa jù ú lè mọ ohun tí wọ́n ń jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù dún.

“Bàbá,” ni ọmọ náà wí, “ọrùn ti kán.”

“Ọrùn ta?”

“Ti ṣẹ́lò.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ọrùn tèmi ṣì wà. Bébà pupa yẹn náà ṣì wà, kò tiẹ̀ ya.”

Ilé iṣẹ́ bàálù ti fún un ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́fà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ni: Ṣé ẹrù náà ti kán kí ẹ tó gbé e wá? Wọ́n tún fún un ní omi inú ike kan, pẹ̀lú ìbánikẹ́dùn. Ọjọ́bọ ni ìdánwò rẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà kì í sì í yá ẹnikẹ́ni ní ohun èlò. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpè kí ẹnikẹ́ni má baà dààmú ara rẹ̀ láti béèrè.

Dókítà Igi wo igun yàrá, níbi tí ṣẹ́lò kan wà tí kì í ṣe títà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, Abẹ́rẹ́ sì ti fà á tó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Bọ́ọ̀sì máa lo ọjọ́ méjì àbọ̀ lójú ọ̀nà. Bàálù Ọjọ́rú ti kún. Ti Ọjọ́bọ máa gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, á sì balẹ̀ ní aago mẹ́jọ.

“Mò ń bọ̀,” ló wí.

Ó ra ìjókòó méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ṣẹ́lò. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bá a di àpò.

“Olówó orí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń wọ bàálù, ṣé ẹ mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀?”

“Mo mọ gbogbo òfin ẹ̀.”

“Ẹ ò ní ṣàìmọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

“Ìwọ sáà máa gbàdúrà.”

“Fún yín ni, àbí fún bàálù?”

Orí káńtà kò fún un ní wàhálà. Ó ti múra ìjà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ fi bàjẹ́ díẹ̀ nígbà tí obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Dókítà Igi ní òun tilẹ̀ ka òfin keje, èyí tó jẹ́ ti orí káńtà, sí i létí kó má baà ṣòfò. Ó wá ku ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Òfin mọ́kànlá náà kò sọ ju pé kí ènìyàn bọ́ bàtà níbẹ̀. Àwọn olórin ló kọ ọ́ fún, olórin kì í sì í gbé irinṣẹ́ rìn.

Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ gbé e wọlé, ó dúró, ó gbé e padà sẹ́yìn, ó tún gbé e wọlé. Ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan jáde nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ń tò wọ́n sínú abọ́ ike lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀bẹ kan, irin ìgbẹ́gi kékeré méjì, ẹ̀mú, dígí kékeré elẹ́sẹ̀ gígùn bíi ti dókítà eyín, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ́ bí ejò.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe lókè?”

“N ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Inú àpò ló ń gbé.”

“Ó ń gbé inú àpò. Òun àti ẹbí ẹ̀.” Ó gbé irin tó wọ́ náà sókè. “Èyí ńkọ́?”

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ká ní ó sọ pé irin lásán ni, wọn ì bá sọ ọ́ sínú abọ́, kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí tí kò gba ìdáhùn ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

“Háà, ìyẹn! Ìyẹn la fi ń gbé ọ̀pá inú ẹ̀ dìde.”

“Inú kí ni?”

“Inú ṣẹ́lò tí mo gbé dání yìí. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ̀ tẹ́ ò lè rí látìta.”

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. “Ẹ ní nǹkan wà nínú ẹ̀.”

“Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.”

“Ta ló fi síbẹ̀?”

“Èmi ni,” ni Dókítà Igi wí, orí rẹ̀ sì wú. “Ọwọ́ èmi fúnra mi.”

Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, mo bi í pé ṣé kò rí ojú obìnrin náà ni. Ó ní òun rí i, òun rò pé ẹ̀kọ́ ló ń yé e.

Wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ méjì. Wọ́n ti ṣẹ́lò bọ inú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta, lóòótọ́ ni òjìji ọ̀pá kan sì wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onítọ̀hún ti jẹ́wọ́.

“Ẹ yọ ọ́ síta ká rí i,” ni ọ̀gá wí.

“Ọ̀gá, ẹ̀mí ẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá yọ ọ́, kò ní lè dún mọ́.”

“Tó bá ṣe pé igi lásán ni, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń làágùn?”

“Mò ń làágùn torí pé bàálù mi ò ní pẹ́ gbéra.”

“Ẹ tú okùn ẹ̀ nígbà náà, ká fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀ dáadáa. Okùn yẹn ń dí wa lójú.”

Dókítà Igi ṣàlàyé òfin kẹrin fún un. Ọ̀gá náà fetí sílẹ̀, ó sì gbà pé òfin tó dára ni. Ó wá di èèkàn orí ṣẹ́lò mú, ó ń yí i bí ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi. Okùn kan tú, ìkejì tú, ìkẹta tú. Ní ìkẹrin, gbogbo wọn gbọ́ ohùn kékeré kan nínú ikùn ṣẹ́lò: kọ̀.

“Kí nìyẹn?” Àwọn ẹ̀ṣọ́ fò sẹ́yìn.

“Ọ̀pá náà ni,” ni Dókítà Igi wí.

Ọ̀gá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Igi ni. Igi funfun kan, tó sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọ̀gá mi orí.

“Ẹ ò rí nǹkan? Kò sí ohun tó dì í mú rárá. Irú nǹkan báyẹn léwu nínú bàálù o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi ìṣó kàn án.”

Wọ́n gba irinṣẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní ìwé pé ó lè padà wá gbà wọ́n láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ní ọ́fíìsì kan tó máa ń ṣí lọ́jọ́ Ẹtì láti aago méjì sí aago mẹ́ta. Wọ́n kí i pé ó dàbọ̀, kó rìn ire. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi kí i. N kò rò pé ènìyàn burúkú kan wà láàárín wọn, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti bínú sí.

Nínú bàálù, wọ́n ní kí ṣẹ́lò jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n sì so bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí. Ọkùnrin kan tó jókòó lódìkejì wo àpótí dúdú náà títí, ó wá rọra béèrè pé:

“Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ta ló kú?”

“Kò tíì kú,” ni Dókítà Igi dá a lóhùn.

Òṣìṣẹ́ inú bàálù tó ń kọjá ní kí ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé jọ̀wọ́ gbé ìbòjú fèrèsé sókè. Nígbà tí kò rí ìdáhùn, ó tún un sọ pẹ̀lú ohùn tó le díẹ̀. Báyìí ni Dókítà Igi ṣe wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Mo bi í bí òkè ṣe rí. Ó ní òun kò wò ó, pé ọwọ́ òun wà lára ṣẹ́lò, òun sì ń ronú ohun tí òun máa sọ fún ọmọ náà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Abẹ́rẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan láàárín àwọn mìíràn tó ń dúró. Ó wọ aṣọ dúdú, wọ́n sì ti lẹ nọ́ńbà kẹrin mọ́ ọn láyà. Ó sáré wá, ó kí i, ó ń ṣí àpótí bó ṣe ń kí i lọ. Ó rí okùn tó rọ̀ jọwọrọ. Ó gbé ṣẹ́lò, ó gbọ́ ohun tó ń yí gbiri nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Bàbá. Ọ̀pá inú.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ máa gbé e dìde, àbí? Irin yín dà?”

“Ó wà lọ́wọ́ ìjọba.”

“Dígí ńkọ́?”

“Wọ́n jọ wà níbẹ̀.”

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní yàrá méjìlélógójì. Ó ní ère àwọn olórin tó ti kú ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa nu ère wọn lọ. Kò ní alátùn-únṣe kankan. Abẹ́rẹ́ sáré lọ bá akọ̀wé, obìnrin kan tí pẹ́ńsù márùn-ún tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù.

“Alátùn-únṣe kan wà nílùú,” ni akọ̀wé wí, “ṣùgbọ́n ó rìnrìn-àjò. O lè kọ lẹ́tà sí i.”

“Ìdánwò mi ni aago mẹ́wàá, mà.”

“Aago mẹ́wàá géérégé. Ẹni tí a bá pè tí kò wọlé, a ti kọjá rẹ̀.”

Dókítà Igi kò dúró gbọ́ èyí. Ojú rẹ̀ ti ń wá kiri bí ojú ẹni tí ebi ń pa, títí ó fi balẹ̀ sí ilé pákó kékeré tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń jókòó sí. Jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà wà lórí ìkọ́ aṣọ onírin.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìkọ́ aṣọ yín yẹn.”

“Ìkọ́ aṣọ? Jákẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?”

“Ẹ wọ̀ ọ́.”

“Nínú ooru yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín ni.”

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ géètì yẹn, kò sí ohun tí àwọn olórin kò tíì tọrọ lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ti òní yìí ga. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó sì fún un ní ìkọ́.

Dókítà Igi nà án, ó ká a síwá sẹ́yìn títí ó fi kán sí ìwọ̀n tó fẹ́. Ó fi ẹnu ìkọ́ náà há àárín irin géètì, ó sì wọ́ ọ bó ṣe yẹ kó wọ́. Ó wá kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbo orí ìkọ́ náà mọ́ sìmẹ́ńtì kó lè mú. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n lẹ nọ́ńbà keje mọ́ láyà yá wọn ní dígí ìpara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tan iná fóònù.

Wọ́n pe nọ́ńbà kìíní. Dókítà Igi dojú ṣẹ́lò délẹ̀, ó ń mì ín títí orí ọ̀pá fi yọ lẹ́nu ihò, ó sì fi ìka méjì fà á jáde. Ó fi irin gún un lára, ó rọra kì í bọ inú padà. Ọ̀pá dìde, ó yẹ̀, ó ṣubú. Wọ́n pe nọ́ńbà kejì. Ó tún mì ín, ó tún fà á jáde, ó tún gún un. Ọ̀pá dìde, irin ìkọ́ aṣọ tẹ̀, ó ṣubú. Òógùn ń kán sórí ṣẹ́lò, Abẹ́rẹ́ sì ń fi apá aṣọ dúdú rẹ̀ nù ún.

“Bàbá, nọ́ńbà kẹta ti wọlé.”

“Gbé iná sọ́tùn-ún. Kì í ṣe ọ̀tún tìẹ, ọ̀tún ṣẹ́lò.”

“Bàbá, tí kò bá wá…”

“Pa ẹnu dé, kó o mú iná dúró.”

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀pá dìde, ó sì dúró. Kò dúró sí ibi tó yẹ kó dúró gan-an; ó yẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, ohun tí Dókítà Igi kì í gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò fọwọ́ kàn án mọ́. Abẹ́rẹ́ ń yí èèkàn, ó ń fetí sí okùn kọ̀ọ̀kan. Okùn kẹrin kò tíì dé ibi tó ń lọ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

“Nọ́ńbà kẹrin!”

Ó gbé ṣẹ́lò wọlé. Dókítà Igi lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà wá lẹ tirẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ́ mọ ohun tó torí rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ohùn ṣẹ́lò náà há, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Láàárín orin kejì, okùn kan rẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró, ó fà á le, kò tọrọ àforíjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

“Ṣé bó ṣe yẹ kó máa dún nìyẹn?” ni ẹ̀ṣọ́ béèrè.

“Rárá.”

“Èmi ń gbádùn ẹ̀ o.”

Ẹnì kan fa Dókítà Igi láṣọ lẹ́yìn. Ọmọbìnrin nọ́ńbà keje ni. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà. Bàálù ló gbé wa wá.” Àyà ṣẹ́lò tirẹ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan gbé fáyólìn tí èèkàn rẹ̀ kò yí mọ́ dání, òun náà bàálù ló wọ̀ wá. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ fi máa jáde, ènìyàn mẹ́rin ti tò lẹ́yìn ara wọn, Dókítà Igi wà nílẹ̀ láàárín wọn, akọ̀wé sì dúró lé e lórí.

“Ta ló gbà yín láàyè kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa?”

“Kò sẹ́ni tó gbà mí. Ẹ bá mi mú iná yìí dání.”

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì mú iná dání.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri. Nínú mẹ́rin tí wọ́n gbà, Abẹ́rẹ́ ṣe ìkẹta. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò kọ ọ́ sí iwájú nọ́ńbà rẹ̀ pé: Ohùn ṣẹ́lò kò dára, ọmọ náà dára. Abẹ́rẹ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Dókítà Igi ka ìlà kan náà, ó fajú ro, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ìdajì àkọ́kọ́ ìlà náà mọ́ títí di òní. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ padà wálé.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti ọwọ́ akọ̀wé. Ó ní lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n sì ti rí i pé àwọn ohun èlò máa ń bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ alátùn-únṣe. Ìyàwó Dókítà Igi ka lẹ́tà náà, ó ní ilé ìwòsàn wà níbi gbogbo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ sínú páálí kí ọkọ rẹ̀ tó rí àyè sọ pé òun máa rò ó.

Ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ni yàrá iṣẹ́ ọkùnrin náà wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga sí. Abẹ́rẹ́ wà ní ọdún kejì. Dókítà Igi máa ń ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó sì máa ń tì í ní aago márùn-ún, Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Ẹtì.